Àpèkọ Ọ̀gànjọ́ ní Festac

Ẹni tó bá gbé Festac láàárín ọdún 2000 sí 2006 á rántí bí kàfé ṣe pọ̀ tó níbẹ̀. Kò sí ojú títì tí ẹ máa gbà, ìbáà ṣe 21 Road, ìbáà ṣe 4th Avenue, ìbáà ṣe ọ̀nà tó lọ sí Apple Junction, tí ẹ kò ní rí pátákó “Cyber Café” àti àwo sátẹ́láìtì ràgàjì lórí òrùlé tàbí lẹ́yìnkùlé. Ilé tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ nítorí àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú tó wáyé ní oṣù kìíní sí oṣù kejì ọdún 1977 ni wọ́n ń gé yàrá iwájú rẹ̀ sí méjì, tí wọ́n ń to kọ̀ǹpútà sí. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ariwo jẹnẹrétọ̀ ni ẹ máa fi mọ ibi tí kàfé wà.

Mo ṣiṣẹ́ nínú ọ̀kan nínú wọn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní polí ni, mo ń retí ìwé ìpè NYSC. Tíkẹ́ẹ̀tì ni mo kọ́kọ́ ń tà, kò pẹ́ tí wọ́n fi ní kí n máa bójú tó àwọn ẹ̀rọ náà. Màdáámù tó ni kàfé kò mọ kọ̀ǹpútà lò, àmọ́ wọ́n mọ iye tí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ pa kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n sì mọ iye tí dísẹ́ẹ̀lì ń jẹ nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá dákẹ́ fún ọjọ́ kan, ojú wọn kì í kúrò lára rẹ̀.

Mo mọ̀ pé orúkọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ Festac ìgbà yẹn kò dára. Wọ́n á ní ìlú àwọn ọmọ Yahoo ni. Irọ́ kọ́, wọ́n wà níbẹ̀, EFCC tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2003 náà kò sì fi àwọn kàfé lọ́rùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ń dùn mí pé àwọn tí mo ń rí lójoojúmọ́ kò sí nínú ìtàn yẹn. Ìyá àgbàlagbà kan wà tó máa ń ní kí n bá òun tẹ lẹ́tà sí ọmọ òun ní London, tí á dúró tì mí kí n ka èsì rẹ̀ sí òun létí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LASU wà tó ń wá ohun tí wọ́n máa fi kọ iṣẹ́ àṣejáde wọn. Ní ọdún 2003, Amẹ́ríkà kéde pé àwọn kò gba lẹ́tà fún físà lọ́tìrì mọ́, pé láti ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá, orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni. Láti ọjọ́ yẹn, ẹsẹ̀ kò gbèrò lọ́dọ̀ wa. Bàbá, ìyá àti ọmọ á wọ aṣọ tó dára, wọ́n á wá ya fọ́tò tó máa wọ inú kọ̀ǹpútà. Irú àwọn ènìyàn báyìí ni iṣẹ́ òru tí mo fẹ́ sọ yìí wà fún.

Bí ogún kọ̀ǹpútà ni a ní, tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn. Ọ́fíìsì kan ní ilẹ̀ Yúróòpù ló pààrọ̀ àwọn ẹ̀rọ rẹ̀. Wọ́n di àwọn ti tẹ́lẹ̀ sínú kọ̀nténà, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Àlàbá. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi jẹ́ irú kan náà, Pentium III, bọ́ọ̀dù kan náà, dísìkì kan náà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Íntánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo wọn jọ ń pín kò ju 128 kilobit lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fóònù ọwọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíráámà lónìí lè gba ìlọ́po ọgọ́rùn-ún rẹ̀.

Oṣù kẹjọ ọdún 2003 ni kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Blaster dé. Oníbàárà á ti ra tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí kan, á ti tẹ lẹ́tà rẹ̀ dé ìdajì, àpótí kékeré kan á yọ lójú ẹ̀rọ pé kọ̀ǹpútà yìí máa kú ní 60 ìṣẹ́jú-àáyá. Á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: 59, 58, 57. Kò sí bọ́tìnnì kankan lára àpótí náà tí ènìyàn lè tẹ̀ láti ní rárá. Bó bá ti dé òdo, ẹ̀rọ á kú, á tún tàn fúnra rẹ̀, lẹ́tà ti lọ. Inú wáyà ni kòkòrò náà ń gbà láti ara ẹ̀rọ kan sí òmíràn tó bá ń lo Windows 2000 tàbí XP, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣí fáìlì tàbí tẹ nǹkan kan. Microsoft ti gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde láti oṣù keje, kí kòkòrò náà tó jáde rárá. Àmọ́ kàfé tí 128 kilobit ń bọ́ ogún oníbàárà, ta ló máa jókòó fa àtúnṣe sí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan?

Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ báyẹn, a ó nu gbogbo ohun tó wà lórí dísìkì rẹ̀, a ó ki CD Windows bọ̀ ọ́, a ó sì jókòó tì í. Bí Windows bá wọlé tán, ó ku dráífà, ó ku Yahoo Messenger, ó ku ètò tó ń ka àkókò oníbàárà, ó ku ètò tó ń pa fáírọ́ọ̀sì. Ẹ̀rọ kan lè gba wákàtí méjì. Kí a tó dé orí ìkẹwàá, èyí tí a kọ́kọ́ ṣe ti tún kó o lára àwọn tí a kò tíì ṣe.

Màdáámù bá ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Computer Village ní Ìkẹjà. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Ó dé lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan pẹ̀lú báàgì kékeré lọ́wọ́. Ìdì fúlọ́pì dísìkì kan àti CD mélòó kan ló wà nínú rẹ̀.

“Mélòó ni wọ́n?”

“Ogún ni, Ẹ̀gbọ́n.”

“Ṣé irú kan náà ni gbogbo wọn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Lọ sọ fún Màdáámù kí wọ́n bá wa ra epo kún jẹnẹrétọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, a ti parí.”

Mo wò ó pé ó ń fi wá ṣeré ni. Ẹ̀rọ ogún, òru kan?

Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló kọ́kọ́ mú. Ó yọ wáyà nẹ́tíwọọ̀kì kúrò lára rẹ̀ kí kòkòrò má bàa ráyè wọlé, ó fi Windows sí i, ó fi àtúnṣe Microsoft tó wà lórí CD sí i, ó to gbogbo ohun tí oníbàárà máa lò sí i, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ìgbà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ló wá sọ gbogbo dísìkì náà di fáìlì kan ṣoṣo, bíi gigabyte kan àtààbọ̀, ó sì gbé e sórí sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń pín nǹkan fún àwọn tó kù. Ètò tó fi ṣe é ń jẹ́ Ghost. Ọmọ ilẹ̀ New Zealand kan, Murray Haszard, ló kọ ọ́, ilé iṣẹ́ Symantec sì rà á ní ọdún 1998.

Lẹ́yìn náà ló pín fúlọ́pì fún mi. A fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, a tàn wọ́n. Ẹni tó bá lo fúlọ́pì rí mọ ariwo rẹ̀, gìrìgìrì, gìrìgìrì. Ẹ wá fojú inú wo ogún nínú yàrá kan lẹ́ẹ̀kan náà. Dráífà káàdì nẹ́tíwọọ̀kì Realtek 8139 ló wà lórí àwọn dísìkì yẹn, nítorí irú káàdì yẹn ló wà nínú gbogbo ẹ̀rọ wa, òun náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ kàfé Èkó nígbà yẹn, torí pé kò wọ́n. Ẹ̀gbọ́n tẹ FESTAC sí ojú sáfà gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìpàdé. Mo ń lọ láti ìdí ẹ̀rọ kan sí òmíràn, mo ń tẹ FESTAC, wọ́n sì ń yọjú lójú sáfà níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tí gbogbo wọn pé, ó tẹ bọ́tìnnì kan, ó sì jókòó.

Mo rí ohun tí n kò rí rí. Lójú gbogbo ẹ̀rọ, láti ibi ilẹ̀kùn títí dé ara ògiri ẹ̀yìn, ìlà kan náà ń gùn lọ sí apá ọ̀tún, iye kan náà ló ń gorí: 3%, 4%, 5%. Gbogbo wọn jọ ń gùn ún pọ̀ ni.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ń pín in fún wọn níkọ̀ọ̀kan ni?”

“Ó tì o. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń sọ ọ́. Àwọn ló jọ ń gbọ́.”

Ẹ rántí àpèkọ tí a máa ń ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Tíṣà kì í lọ bá ọmọ kọ̀ọ̀kan nídìí bẹ́ǹṣì láti sọ gbólóhùn kan náà sí i létí. Á dúró síwájú, á pè é, gbogbo kíláàsì á kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ dáadáa á nawọ́ sókè pé kí wọ́n tún un pè. Tíṣà á tún un pè, àwọn tó ti kọ ọ́ á sì dúró. Bí ọmọ kan bá wà tí ọwọ́ rẹ̀ lọ́ra, gbogbo kíláàsì ló máa dúró dè é. Bí ọ̀nà tí Ẹ̀gbọ́n lò, tí wọ́n ń pè ní multicast, ṣe rí gan-an nìyẹn. Nẹ́tíwọọ̀kì lè ṣèèṣì ju ìpín fáìlì kan nù lójú ọ̀nà. Ẹ̀rọ tí kò bá rí i gbà á ké sí sáfà pé òun kò rí ìpín báyìí-báyìí, sáfà á sì tún un sọ fún gbogbo wọn. Àwọn tó ti ní i tẹ́lẹ̀ kò ní kà á sí.

Steve Deering ní Yunifásítì Stanford ló la ọ̀nà yìí. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀ lórí nẹ́tíwọọ̀kì, ṣùgbọ́n ìlànà Deering, tó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1989, ya àwọn nọ́ńbà kan sọ́tọ̀ tó jẹ́ ti ẹgbẹ́. Nọ́ńbà tó bá bẹ̀rẹ̀ láti 224 títí dé 239, kì í ṣe ti ẹ̀rọ kan. Ẹ̀rọ tó bá fẹ́ gbọ́ á wọ ẹgbẹ́ náà, sáfà á fi ẹ̀dà kan péré ránṣẹ́ sí nọ́ńbà ẹgbẹ́, ibi tí wáyà bá ti pínyà nìkan ni wọ́n á ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀.

Nẹ́tíwọọ̀kì wa jẹ́ ti 10 megabit. Bí ohun gbogbo bá lọ déédéé, ó ń gbé nǹkan bíi megabyte kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fáìlì gigabyte kan àtààbọ̀ á gba bí ìṣẹ́jú 25 láti dé ara ẹ̀rọ kan. Bí a bá fún ogún ẹ̀rọ níkọ̀ọ̀kan, ó ju wákàtí mẹ́jọ lọ. Bí gbogbo wọn bá jọ gbọ́ ọ, ìṣẹ́jú 25 náà ni. Bí wọ́n bá tilẹ̀ jẹ́ igba, ìṣẹ́jú 25 náà ni. Èyí ló gbà mí lọ́kàn ní òru ọjọ́ yẹn, kò sì tíì kúrò níbẹ̀: pé iye àwọn tó ń gbà kò fi nǹkan kan kún iṣẹ́ ẹni tó ń fúnni.

Àmọ́ kò lọ déédéé. A kò tíì dé 20% tí gbogbo ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Àkókò tó kù tí ojú ẹ̀rọ ń fi hàn ń pọ̀ sí i dípò kó máa dín kù. Ẹ̀gbọ́n dìde, kò fọwọ́ kan sáfà, ó ń rìn láàárín àga, ó ń wo ilẹ̀. Ó dúró nídìí ẹ̀rọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ àga ti tẹ wáyà rẹ̀ títí ara rẹ̀ fi bó. Ẹ̀rọ yẹn ló ń nawọ́ sókè ṣáá, tí sáfà ń tún ọ̀rọ̀ sọ nítorí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fa wáyà náà yọ. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, àwọn mọ́kàndínlógún tó kù ta kìjí, wọ́n ń lọ. “A ó wáyè gbọ́ tirẹ̀ tó bá yá,” ó ní. A sì gbọ́ tirẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù parí.

Iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì nígbà tí NEPA mú iná dé. Gbogbo àdúgbò hó “Up NEPA!” Ọmọkùnrin tó ń bójú tó jẹnẹrétọ̀ ti ń sáré lọ sídìí changeover tí a fi ń yí iná padà, torí pé àṣẹ Màdáámù ni pé bí iná bá ti dé, a kò gbọdọ̀ sun dísẹ́ẹ̀lì mọ́. Ẹ̀gbọ́n figbe ta. Bó bá yí i, ohun gbogbo á kú fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, ogún dísìkì á sì di èyí tí kò ṣeé lò. Báyìí la ṣe jókòó sábẹ́ iná jẹnẹrétọ̀ tiwa nígbà tí iná NEPA wà níta lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí Màdáámù gbọ́ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní ẹni tó figbe ta yẹn ṣeun.

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ parí, iṣẹ́ ẹsẹ̀ ló kù. Gbogbo ẹ̀rọ ló ń jẹ́ orúkọ kan náà, gbogbo wọn ló ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà, wọ́n ń bá ara wọn jà lórí nẹ́tíwọọ̀kì. Ẹ̀gbọ́n lọ sídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fún un ní orúkọ àti nọ́ńbà tirẹ̀. Nígbà tí àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ìdájí bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lójú títì, kàfé ti mọ́ tónítóní. Bí ẹ̀rọ wa kò bá jẹ́ irú kan náà ni, kò ní ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀, torí Windows ìgbà yẹn tí wọ́n bá tò sára bọ́ọ̀dù kan kì í sábà gbà láti jí lórí òmíràn. Ọ́fíìsì Yúróòpù tó kó àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ jáde pọ̀ ló ràn wá lọ́wọ́, wọn kò sì mọ̀.

Láti ìgbà yẹn, èmi náà ń ṣe é. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2004, Microsoft gbé Service Pack 2 fún XP jáde, fáìlì àtúnṣe kan tó tó megabyte 266. Mo jókòó ṣírò rẹ̀. Ká ní a fi gbogbo 128 kilobit wa fà á, láìsí oníbàárà kankan, ẹ̀dà kan á gba ohun tó lé ní wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀. Bí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan bá ń fa tirẹ̀, ó sún mọ́ ọjọ́ mẹ́rin gbáko tí kàfé máa wà ní títì. A fa ẹ̀dà kan lóru, a fi sí ẹ̀rọ kan, a pe àpèkọ rẹ̀ fún àwọn tó kù.

Ohun kan wà tí n kì í lè gbé kúrò lọ́kàn nígbà tí mo bá ń wo àwo wa lórí òrùlé. Ohun tí sátẹ́láìtì bá sọ láti òkè, gbogbo àwo tó kọjú sí i ní gbogbo agbègbè tí ìtànṣán rẹ̀ dé ló ń gbọ́ ọ. Kàfé tiwa, kàfé tó kọjú sí wa, èyí tó wà ní Agbójú, àti èyí tó wà ní Satellite Town, bí a bá ń lo sátẹ́láìtì kan náà, ìró kan náà ló ń bọ́ sórí gbogbo wa. Síbẹ̀, bí a bá fẹ́ fáìlì kan náà, ẹ̀dà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ti ojú ọ̀run bọ̀, àwo kọ̀ọ̀kan ń mú tirẹ̀, ó ń ju ti ẹnìkejì nù, olúkúlùkù sì ń san owó gọbọi lórí ẹ̀dà tirẹ̀. Ohun èlò tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kó fi ohùn kan bá ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ̀rọ̀, a sọ ọ́ di okùn tóóró fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan ronú kan irú rẹ̀: Noah Samara, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, tó dá WorldSpace sílẹ̀. Sátẹ́láìtì rẹ̀, AfriStar, gòkè ní oṣù kẹwàá ọdún 1998. Rédíò ló ń gbé fún gbogbo Áfíríkà, ó sì tún lè gbé fáìlì. Ilé iṣẹ́ náà kò lè san gbèsè rẹ̀ mọ́ ní ọdún 2008. Ó ṣì ń dùn mí.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbogbo ayé náà, multicast kò rìn jìnnà. Wọ́n dán an wò: ní oṣù kẹta ọdún 1992, wọ́n fi ohùn ìpàdé àwọn onímọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ní San Diego ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ibi lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì kò rí ọ̀nà tí wọ́n máa gbà díye lé e, ó sì di ẹrù lórí ẹ̀rọ àárín ọ̀nà wọn láti máa rántí gbogbo ẹgbẹ́ tó wà láyé. Inú ilé, inú kíláàsì, inú ọ́fíìsì, lórí wáyà ẹni, ibẹ̀ ló ti wúlò jù. Àwa tí íntánẹ́ẹ̀tì wa kéré, tí iná wa kò dúró, ló yẹ kó jẹ́ tiwa ju ẹnikẹ́ni lọ.

Kàfé ti lọ. Modẹ́ẹ̀mù kékeré tí wọ́n ń kì bọ ara kọ̀ǹpútà dé, BlackBerry dé tẹ̀lé e, oníkálukú ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ káàkiri. Ṣùgbọ́n yàrá tó kún fún kọ̀ǹpútà kò lọ. JAMB bẹ̀rẹ̀ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ní ọdún 2013, nígbà tó di 2015 wọ́n fi ti orí ìwé sílẹ̀ pátápátá. Láti ìgbà náà, ibùdó CBT àti yàrá kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ ti pọ̀ jákèjádò Èkó, Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin tí Festac wà nínú rẹ̀ náà kò sì gbẹ́yìn. Mo ti wọ inú díẹ̀ nínú wọn, mo sì rí ohun tó bà mí nínú jẹ́: ọ̀dọ́mọkùnrin kan pẹ̀lú fláàṣì kan lọ́wọ́, ó ń lọ láti ìdí ẹ̀rọ kan sí òmíràn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tàbí kí ẹ̀rọ ọgọ́rùn-ún máa fa àtúnṣe Windows kan náà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ohun gbogbo sì dúró gbagidi lọ́jọ́ tí ìdánwò ku ọ̀la.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú yàrá bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyà yẹn jẹ àwọn ọmọ tó ń bá yín ṣiṣẹ́. UDPcast àti Clonezilla wà, ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì, iṣẹ́ tí Ẹ̀gbọ́n ṣe ní òru yẹn sì ni wọ́n ń ṣe. Ẹ ra ẹ̀rọ yín ní irú kan náà. Ẹ lo wáyà, ẹ má lo Wi-Fi fún iṣẹ́ yìí, torí ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ lórí Wi-Fi, ìwọ̀n ìyára tó kéré jù ló sábà máa ń fi lọ, bí ìpín kan bá sì sọnù, Wi-Fi fúnra rẹ̀ kì í tún un fi ránṣẹ́. Ẹ yẹ wáyà abẹ́ àga wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún ẹ̀rọ kan ṣe dáadáa, kí ẹ pe àwọn yòókù láti gbọ́. Ẹ̀yin òbí náà, nígbà tí ẹ bá tún lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọmọ yín, ẹ bi tíṣà kọ̀ǹpútà wọn léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe tiwọn. Bó bá ní níkọ̀ọ̀kan ni, ẹ fún un ní ìwé yìí kó kà á.